Storyboard fún ànímẹ́ṣọ̀n ọ̀rọ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi wá jù

Òwe kan ṣoṣo la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú gbogbo ìdáhùn yìí: *Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.* Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ni, ó kúrú, ìṣe sì wà nínú rẹ̀.

Kí ni storyboard?

Àwọn àpótí kéékèèké tí a yà sórí bébà ni, àpótí kan fún ìyípadà kọ̀ọ̀kan tí ojú yóò rí. Nínú ànímẹ́ṣọ̀n ọ̀rọ̀, kì í ṣe ènìyàn tàbí ẹranko ló ń rìn nínú àpótí yẹn, lẹ́tà ni. Ohun tí storyboard yóò sọ ni ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà wọlé, bó ṣe tóbi tó, bó ṣe máa pẹ́ tó lójú, àti ibi tó máa gbà jáde.

Ilé-iṣẹ́ Walt Disney ni àṣà yìí ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Wọ́n máa ń kan àwòrán mọ́ pátákó lára ògiri, kí gbogbo wọn lè rí ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gangan. Ní ti lẹ́tà tó ń rìn, ẹ wá iṣẹ́ Saul Bass wò, ayàwòrán tó máa ń ṣe àkọlé ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Nínú fíìmù kan tí Alfred Hitchcock ṣe lọ́dún 1959, orúkọ àwọn òṣèré ń yọ́ wọlé lórí àwọn ìlà tó dagun, àwọn ìlà yẹn sì wá di ara ògiri ilé gogoro kan. Kò sí òṣèré kankan lójú síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn òǹwòran ti ń sáré.

Fídíò mi kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ṣé ó tún nílò storyboard?

Ó nílò rẹ̀ ju èyí tó gùn lọ. Nínú fíìmù wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 2 tó ṣòfò kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni. Nínú fídíò tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 13, òfò ńlá ni.

Ìdí kejì ló ká mi lára jù. Ẹni tó bá ṣí kọ̀ǹpútà kó tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe, kọ̀ǹpútà ni yóò bá a pinnu. Inú ètò ànímẹ́ṣọ̀n tó wà lórí rẹ̀ kún fún ọ̀nà àbáwọlé tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tó ń pòòyì, ọ̀rọ̀ tó ń já bọ́ látòkè, ọ̀rọ̀ tó ń gbọ̀n. Yóò mú ọ̀kan nínú wọn torí pé ó wà nítòsí, òwe rẹ̀ á sì máa rìn bí ìpolówó ẹ̀dínwó. Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí bébà. Ohun tí ẹ kò bá rò, kò ní sí níbẹ̀.

Mi ò mọ àwòrán yà rárá. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá lè kọ lẹ́tà gàdàgbà àti lẹ́tà tín-ń-tín, tó sì lè fa ọfà láti fi ibi tí nǹkan ń lọ hàn, ti ní ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Ẹ má ṣe kọ ọ́ lọ́nà tó rẹwà. Storyboard tó bá rẹwà jù, ojú á máa ti yín láti fa igi lé e lórí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí kí ẹ lè fa igi lé e lórí lẹ ṣe ń ṣe é.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́?

Pẹ́ńsù, ìrésà àti bébà. Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́, ọ̀fẹ́ ni Krita àti Storyboarder, ẹ sì lè lo Blender tàbí DaVinci Resolve fún ànímẹ́ṣọ̀n náà fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. After Effects ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń lò, owó ni wọ́n sì ń san lé e. Ẹlòmíì ń ṣe gbogbo tirẹ̀ lórí fóònù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ wo ló dára fún un?

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ìṣe wà nínú rẹ̀. Ẹ wo òwe wa: ọjà kún, àgbà dúró, orí ọmọ fẹ́ dagun. Ohun mẹ́ta tí lẹ́tà lè ṣe lójú wa nìyẹn. Gbólóhùn tó jẹ́ àlàyé lásán, bí “ìwà rere ṣe pàtàkì fún ìdàgbàsókè àwùjọ,” kò ní nǹkan kan tí lẹ́tà lè ṣe. Ẹ ó kàn máa gbé e sókè sódò ni.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí ẹ tó yà á, kí ẹ sì fa igi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn yín dúró lé. Nínú òwe yìí, ọ̀rọ̀ méjì ni: *Àgbà* àti *wọ́*. Àwọn méjèèjì ló ni ìtàn náà, àwọn yòókù ń sìn wọ́n ni. Tí ẹ bá fún ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ìrìn tó fa ojú bákan náà, òǹwòran kò ní mọ èyí tí ì bá mú.

Àpótí mélòó ni mo máa yà?

Kò sí iye kan pàtó. Ẹ ya àpótí tuntun nígbàkígbà tí ohun tí ojú ń rí bá yí padà: ọ̀rọ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ jáde, ìtóbi yí padà, àwọ̀ yí padà. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ń rìn láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún láìsí nǹkan mìíràn, àpótí kan àti ọfà kan ti tó o.

Bí èmi yóò ṣe pín òwe wa nìyí. Nínú àpótí kìíní, *Àgbà* nìkan ló wà, ó tóbi, ó dúró ní apá òsì, kò mira, ìṣẹ́jú àáyá 1. Nínú ìkejì, *kì í wà lọ́jà* wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà *lọ́jà* di púpọ̀ ní lẹ́tà kéékèèké títí yóò fi kún ilẹ̀ bí èrò ọjà, ìṣẹ́jú àáyá 2. Nínú ìkẹta, èrò náà yà sọ́tọ̀ kí *kí orí* lè ráàyè wọlé, ìṣẹ́jú àáyá 1. Nínú ìkẹrin, *ọmọ tuntun* wọlé ní lẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ìlà tó tẹ́jú, 1.5. Nínú ìkarùn-ún, *wọ́* dé ìparí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dagun, ó sì ń fa *ọmọ tuntun* lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, 1.5 tún ni. Nínú ìkẹfà, *Àgbà* tí kò tíì mira láti ìbẹ̀rẹ̀ rìn wá láti apá òsì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé *wọ́* dúró, ìṣẹ́jú àáyá 2. Nínú ìkeje, gbogbo òwe náà dúró jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 4.

Àpótí méje, ìṣẹ́jú àáyá 13. Ẹ kíyè sí i pé *Àgbà* kò rìn rárá títí ó fi di àpótí kẹfà. Ìdúró yẹn ni yóò mú kí ìrìn rẹ̀ ní ìtumọ̀ nígbà tó bá dé. Ká ní ó ti ń fò sókè sódò láti àpótí kìíní ni, kò sẹ́ni tí ìrìn rẹ̀ máa jọ lójú mọ́.

Kí ni kí n kọ sí abẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan?

Nọ́ńbà rẹ̀, iye ìṣẹ́jú àáyá, ohun tó ń rìn àti bó ṣe ń rìn, àti ohun tí etí ń gbọ́ lásìkò náà. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣe pàtó. “Ó wọlé” kò tó. Ṣé ó yọ́ wọlé ni, àbí ó já wọlé, àbí ó ń wọ́ ẹsẹ̀? Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ fún irú nǹkan báyìí, gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀, wùyà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, fìrì. Ẹ kọ wọ́n síbẹ̀ bí ẹ ṣe gbọ́ wọn. Ẹni tó máa ṣe ànímẹ́ṣọ̀n náà á lóye “ó kọjá fìrì” kíá ju nọ́ńbà lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye àkókò tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi dúró lójú?

Ìlànà tí BBC ń lò fún ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù lè ràn yín lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ 160 sí 180 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.33 sí 0.375 fún ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yóò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 3.75 nígbà náà. Ìdí tí mo fi fún àpótí keje ní 4 nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ìlànà yẹn fún. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń sọ Yorùbá dáadáa ni kì í kà á lójoojúmọ́, a sì máa ń rọra wo àmì kí a tó pe ọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ náà kọ́ ló yẹ kó wọn àkókò rẹ̀, torí ẹ ti mọ òwe náà sórí. Ẹ fi han ẹni tí kò rí i rí, kí ẹ ní kó kà á jáde bó ṣe ń wò ó.

Ṣé dandan ni kí n mọ nípa férémù?

Ẹ mọ̀ ọ́n díẹ̀. Férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀ léra wọn kíákíá tí ojú fi ń rí ìrìn. Sinimá ń lo férémù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo 25, ti Amẹ́ríkà ń lo nǹkan bí 30. Ìṣẹ́jú àáyá 13 wa jẹ́ férémù 325 tí ẹ bá lo 25. Ẹ yan ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí òkè bébà. Yíyí i padà láàárín iṣẹ́ máa ń da ìrìn ọ̀rọ̀ rú.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú, ohùn tàbí storyboard?

Tí ẹnìkan bá máa pe ọ̀rọ̀ náà, tàbí tí ìlù bá máa wà níbẹ̀, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kọ́kọ́, ẹ̀dà tí ẹ fi fóònù gbà nínú yàrá náà ti tó. Bí àgbà kan ṣe ń pa òwe kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kà á nínú ọkàn. Yóò dúró lẹ́yìn *lọ́jà*. Ìdúró yẹn lè tó ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, inú rẹ̀ sì ni èrò ọjà wa ti máa ráàyè yà sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ya storyboard tán kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ ó máa lé ohùn kiri ni.

Wọ́n fẹ́ ẹ fún YouTube, wọ́n sì tún fẹ́ ẹ fún fóònù. Àpótí wo ni kí n yà?

Ẹ ya èyí tó há jù kọ́kọ́. Fún fóònù tí wọ́n gbé dúró, píksẹ́lì (àmì tín-ń-tín tó ń para pọ̀ di àwòrán) 1080 ní fífẹ̀ àti 1920 ní gíga ni, fún YouTube tó dùbúlẹ̀, 1920 ní fífẹ̀ àti 1080 ní gíga. Tí òwe bá jókòó dáadáa nínú àpótí tó ga tó sì há, yóò rọrùn láti tẹ́ ẹ síta lẹ́yìn náà. Ìdàkejì rẹ̀ le gan-an: *Àgbà* tó ń rìn láti òsì wá sí ọ̀tún kò ní ráàyè rìn lójú fóònù, bóyá òkè ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì ti di storyboard mìíràn. Kí ẹ tún fi òkè àti ìsàlẹ̀ àpótí gíga sílẹ̀ lófo, torí orúkọ àti bọ́tìnì ni àwọn ìkànnì máa ń gbé síbẹ̀.

Fọ́ọ̀ǹtì wo ni kí n lò tí àmì ohùn kò fi ní bàjẹ́?

Charis SIL, Gentium àti Noto Sans gbé àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kí ẹ tó fẹ́ràn fọ́ọ̀ǹtì mìíràn, ẹ tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀: Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ǹ ń. Tí àmì bá fò sí ẹ̀gbẹ́, tí ó gun lẹ́tà lórí, tàbí tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi fọ́ọ̀ǹtì náà sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ àmì kúrò nítorí pé fọ́ọ̀ǹtì kò gbé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé òǹkàwé á mọ̀ ọ́n. Nínú ìwé ìròyìn, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká ràn án lọ́wọ́. Nínú ànímẹ́ṣọ̀n, ọ̀rọ̀ kan lè dá wà lójú fún odindi ìṣẹ́jú àáyá kan láìsí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀ bóyá *wo* ni, *wọ́* ni, tàbí *wọ̀*?

Ẹ kọ àmì sínú storyboard láti àpótí kìíní. Lẹ́tà bí Ọ́ nílò àyè lókè àti nísàlẹ̀ ju O lásán lọ. Ẹni tó bá ya àpótí rẹ̀ láìsí àmì máa rí i lórí kọ̀ǹpútà pé ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ ti ń gún ara wọn.

Kí ló dé tí àmì fi ń kúrò lórí lẹ́tà nígbà tí mo bá mú lẹ́tà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan?

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà wa ló fà á. Nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà jọ ń lò láti tọ́jú lẹ́tà, *á* ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, *ẹ* náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n *ẹ́* kò ní. *Ẹ* àti àmì òkè tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti fi gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni *ọ́*, *ọ̀* àti *ẹ̀*. Tí ètò tí ẹ ń lò bá ka àmì náà sí lẹ́tà tó dá dúró, yóò mú *ọ* wọlé, àmì á sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó pẹ́ dé.

Storyboard ni ẹ ti máa yanjú rẹ̀. Ẹ wo àpótí tí lẹ́tà ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín bóyá òwe náà nílò rẹ̀ lóòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò nílò rẹ̀, odindi ọ̀rọ̀ tàbí sílébù kan lẹ́ẹ̀kan náà dára jù, ó sì bá bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ mu. Tó bá jẹ́ dandan, ẹ kọ sí abẹ́ àpótí yẹn pé kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán kí wọ́n tó mú un rìn, kí wọ́n sì di lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà náà, ẹ kò ní lè tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe mọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kọ́kọ́.

Ǹjẹ́ ohùn ọ̀rọ̀ lè pinnu bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rìn?

Ó lè pinnu rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ẹ kọ òwe náà ní dò, re, mí sí abẹ́ àpótí. *Àgbà* jẹ́ dò dò, ó wúwo nílẹ̀. *Kì í wà lọ́jà* jẹ́ dò mí dò mí dò, ó ń lọ sókè sódò bí ẹsẹ̀ àwọn èrò ọjà. Lẹ́yìn náà *ọmọ tuntun* dé: re re re re, sílébù mẹ́rin lórí ìlà kan tó tẹ́jú. *Wọ́* sì gbéra lójijì sí mí. Ìdí tí mo fi tẹ́ ìlà sí abẹ́ *ọmọ tuntun* nínú àpótí kẹrin nìyẹn, tí ìdagun sì fi bẹ̀rẹ̀ nínú ìkarùn-ún. Onílù mọ ètò yìí tipẹ́.

Àmọ́ ẹ má ṣe sọ ọ́ di òfin fún gbogbo sílébù. Tí lẹ́tà gbogbo bá ń fò sókè nítorí mí, tó sì ń já bọ́ nítorí dò, ojú á rẹ òǹwòran kí òwe tó parí. Ẹ yan ibì kan tàbí méjì tí ohùn àti ìtumọ̀ ti pàdé, bíi *wọ́*, kí ẹ lò ó níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù sinmi.

Mo ti ya àpótí tán. Kí ló kàn?

Animatic ló kàn. Ẹ ya fọ́tò àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sínú fídíò pẹ̀lú ohùn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó. Ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀ pé àpótí kan ti pẹ́ jù, òmíràn sì ti yá jù. Àpótí kẹfà wa, tí *Àgbà* ti ń rìn wá, ni mo fura sí jù, torí àwọn àgbà kì í sáré. Tí ẹ bá ní láti fún un ní àfikún, ẹ mú un lára àpótí kìíní.

Oníbàárà fọwọ́ sí storyboard, ó tún wá ń yí nǹkan padà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fi bébà nìkan hàn án, animatic ni kí ẹ fi hàn án, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fojú inú rí ìrìn láti orí àwòrán tó dúró. Kí ó fọwọ́ sí i ní kíkọ, kí ẹ sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àtúnṣe tó bá dé lẹ́yìn náà ní owó tirẹ̀. Sípẹ́lì àti àmì ohùn ni kí ẹ mú un fọwọ́ sí lọ́tọ̀. Kí ẹni tó mọ èdè náà dáadáa nínú ẹbí tàbí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú léwu?

Ó léwu fún àwọn tó ní irú wárápá tí ìmọ́lẹ̀ máa ń ru sókè. Ìlànà WCAG, èyí tó wà fún mímú kí ìkànnì ayélujára rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ni pé kí nǹkan má ṣe kọ mànà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ka iye rẹ̀ lórí storyboard. Tí àpótí dúdú àti àpótí funfun bá ń rọ́pò ara wọn kíákíá, ẹ yí i padà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ní London kò lè ka Yorùbá. Ṣé kí n gbé Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ rẹ̀?

Ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ rẹ̀ lásìkò kan náà. Ojú ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì á lọ tààrà sí Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ohun tí *Àgbà* àti *wọ́* ń ṣe lókè á sì kọjá láìrí i. Àkókò tí ẹ wọ̀n fún ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kò ní tó mọ́ pẹ̀lú, torí ìlà méjì ló ń kà báyìí.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni kí òwe kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú ohùn àgbà tó ń pa á, láìsí nǹkan mìíràn lójú. Lẹ́yìn àpótí keje, ẹ ya ìkẹjọ, kí Gẹ̀ẹ́sì wọlé ní lẹ́tà kéékèèké láìrìn rárá, ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 5. Lẹ́yìn náà ẹ ya ìkẹsàn-án, kí fídíò padà sí ìdagun *wọ́* lẹ́ẹ̀kan sí i, kí *Àgbà* sì tún rìn wá. Nígbà yìí, ọmọ náà á mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ìdí tó fi ń bọ̀. Ẹ kọ ohùn àgbà náà sí abẹ́ ìkẹsàn-án pẹ̀lú, *wọ́* nìkan, kí ẹni tó ń ṣe ohùn má baà fi orin dí i.